Òkè Tí Ẹ̀rọ Ata Bí

Ẹni tó bá ń wá ìjà Àkàngbé, kó pè é ní Alọta. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló ti ń ṣiṣẹ́ nínú lẹ́ẹ̀bù àwọn tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa òkúta àti ilẹ̀, ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Yábàá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gba òkúta lọ́wọ́ olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, kó fọ̀ ọ́, kó sá a gbẹ, kó fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, kó sì lọ̀ ọ́ títí yóò fi kúnná bí ẹ̀lùbọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rí i pé àárọ̀ dalẹ́ ló fi ń lọ nǹkan, wọ́n ní kí ni à ń pe ẹni tó ń lọ nǹkan bí kò ṣe Alọta. Wọn kò mọ̀ pé orúkọ náà ti wà lára rẹ̀ kí wọ́n tó bí wọn. Ìyá rẹ̀ ló ni ẹ̀rọ ata àkọ́kọ́ ní òpópónà wọn ní Pápá Àjàó. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Àkàngbé tó ti ń dúró nídìí ẹ̀rọ náà, tí ata ń ta sí i lójú. Torí kó lè bọ́ lọ́wọ́ ata ló ṣe kàwé. Ó wá bọ́ sọ́wọ́ òkúta.

Ohun tó ń dùn ún jù kọ́ nìyẹn ṣá. Òkúta tó lọ̀ ti sọ èèyàn méje di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ilé ẹ̀kọ́ yẹn, ó sì lè ka orúkọ wọn fún ọ lórí ìka ọwọ́. Gbogbo wọn ló kọ pépà tí wọ́n tẹ̀ jáde nílẹ̀ yìí àti lókè òkun. Ní ìparí pépà, wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá wọn, wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà tó gbé wọn lọ sínú igbó. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ fún sùúrù tó ní, ìyàwó tí gbogbo wa mọ̀ pé ó ti kó ẹrù jáde kó tó kọ pépà náà tán. Àkàngbé kò sí níbẹ̀, bí ẹni pé òkúta náà lọ ara rẹ̀. Ó sì ku ọdún mẹ́rin péré kó fẹ̀yìn tì.

Dókítà Motọ́lání ló kọ́kọ́ sọ pé tòun kò ní rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ tíṣà ni, ní Sùúrùlérè ni wọ́n bí i sí, kò tíì pé ogójì ọdún, ó sì mọ bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún àgbà. Lọ́jọ́ tó gbé iṣẹ́ tuntun wá, ó jókòó sórí àga onígi inú lẹ́ẹ̀bù, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, tí pépà yìí bá jáde, orúkọ yín máa wà lókè pátápátá, láàárín tèmi àti ti Mujeebah. Kì í ṣe ẹ ṣé ìsàlẹ̀ ìwé o. Ẹ̀yin náà lẹ máa wà lára àwọn tó kọ ọ́.”

Àkàngbé ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n nígbà tó délé, ó wá ìwé àti bírò, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ nínú pépà, tí orúkọ bàbá á ṣáájú: Láyíwọlá, À. Ó wò ó títí kó tó ya ìwé náà.

Mujeebah tí wọ́n dárúkọ yìí ni akẹ́kọ̀ọ́ Dókítà, ó ń kàwé fún oyè rẹ̀ kejì. Ọmọ Mushin ni, ọmọlúàbí ni, ṣùgbọ́n ó máa ń gbọ́ràn dé ibi tó ń múni bínú. Nígbà kan, Àkàngbé ní kó máa fọ ìgò títí òun á fi dé. Àkàngbé gbàgbé, ó gba ilé lọ. Ọwọ́ ọmọ náà ti hun jọ bí awọ pọ̀nmọ́ kí gáádì tó lé e jáde. Téèyàn bá bá a wí, á ní, “Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀, sà.” Òótọ́ ló sì máa ń jẹ́, òótọ́ náà ló ń bí Àkàngbé nínú.

Iṣẹ́ tí Dókítà gbé wá rọrùn láti sọ. Lọ́nà Ìjẹ̀bú, àwọn tó ń la títì gé ẹ̀gbẹ́ òkè kan, òkúta rúsúrúsú sì yọ níbẹ̀, òkúta tó jẹ́ iyanrìn tẹ́lẹ̀ kó tó dì. Odò ló gbé iyanrìn náà wá síbẹ̀, nígbà tí kò tíì sí èèyàn kankan láyé. Orí àpáta kan ló ti ṣí i. Àpáta wo, níbo? Ohun tí Dókítà fẹ́ mọ̀ nìyẹn. Wọ́n ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n ilé tí iyanrìn yìí ti jáde ti wó láti ayébáyé. Síbẹ̀, iyanrìn a máa gbé àmì ilé rẹ̀ dání, bí àwọn àgbà ṣe máa ń fi ilà ojú mọ ẹni tó ti Ọ̀yọ́ wá àti ẹni tó ti Oǹdó wá. Irin kéékèèké tí ojú kò lè rí ni àmì náà. Ẹ̀rọ ńlá kan wà lókè òkun tó ń kà wọ́n. Tí kóróòmù bá pọ̀ nínú òkúta, irin tó ń mú kí ara ọ̀kadà tuntun máa dán yẹn, a jẹ́ pé àpáta dúdú kan tó jáde láti inú ikùn ilẹ̀ ni iyanrìn náà ti ṣí. Tí kò bá pọ̀, a jẹ́ pé àpáta lásán ni, irú èyí tó kún apá òkè lọ́hùn-ún.

Nígbà tó jẹ́ pé irin ni wọ́n ń wá nínú òkúta, irin kankan kò gbọdọ̀ kàn án nígbà tí wọ́n bá ń lọ̀ ọ́. Odó inú ẹ̀rọ Àkàngbé kì í ṣe irin, òkúta kan tó le ju irin lọ ni. “Bọ́ òrùka ẹ” ni ìkíni tó ń kí gbogbo ẹni tó bá wọ lẹ́ẹ̀bù, kó tó jẹ́ ẹ káàárọ̀. Ó ti sọ ọ́ títí ó ti sú ẹnu rẹ̀.

Òkúta méjìlélógójì ni wọ́n kó dé nígbà òjò. Ẹ̀rọ náà kò lè ṣiṣẹ́ láìsí iná, iná kò sì sí. Jẹnẹrétọ̀ ti bàjẹ́ láti ọdún tó kọjá. Àkàngbé kọ fọ́ọ̀mù, wọ́n ní fọ́ọ̀mù ti yí padà. Ó kọ fọ́ọ̀mù tuntun, wọ́n ní ẹni tó ń buwọ́ lù ú ti rìnrìn àjò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, òkúta mẹ́fà péré ló lọ̀ tán. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó wà lórí ìkeje, wọ́n mú iná lọ. Ó ju aṣọ ìnuwọ́ sórí tábìlì.

Ó ní, “Irú kí ni èyí? Ẹ̀rọ ata ìyá mi ní Pápá Àjàó ì bá ti lọ gbogbo èyí tán kí n tó mu ẹ̀kọ tán láàárọ̀.”

Mujeebah wà lẹ́nu ọ̀nà. Àkàngbé kò fiyè sí i pé ó gbọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀yìn ríro dá Àkàngbé dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Nígbà tó padà dé, ìgò mẹ́rìndínlógójì ti tò sórí pẹpẹ, pẹ̀lú nọ́ńbà lára, ìyẹ̀fun inú wọn sì kúnná dáadáa. Inú rẹ̀ dùn. Ó bi Mujeebah báwo ló ṣe ṣe é.

Mujeebah ní, “Bẹ́ ẹ ṣe sọ ni, sà.”

Àkàngbé rò pé iná ti ń wá déédéé nígbà tí òun kò sí níbẹ̀ ni, torí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀ síni. Ó mú bírò, ó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù pé lójú òun ni wọ́n ṣe lọ gbogbo òkúta náà. Ó tún yin ọmọ náà, ó ní ó ń gbìyànjú, bẹ́ẹ̀ Àkàngbé kì í yinni.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn èyí, èsì dé láti òkè òkun. Dókítà Motọ́lání sáré gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ wá, bàtà rẹ̀ wà lọ́wọ́. Kóróòmù inú òkúta náà pọ̀ ju bí ẹnikẹ́ni ṣe rò lọ. Àpáta dúdú ni. Ṣùgbọ́n kò sí àpáta dúdú kankan tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ tí odò ìgbà náà lè gbà kọjá. A jẹ́ pé òkè kan wà níbẹ̀ rí, òkè ńlá, tí òjò àti oòrùn ti jẹ tán, tó jẹ́ pé iyanrìn yìí nìkan ló kù tó lè jẹ́rìí rẹ̀. Òkè tó sọnù. Dókítà kọ pépà náà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó lọ sọ ọ́ ní ìpàdé àwọn onímọ̀ ní Ìbàdàn, wọ́n dìde dúró pàtẹ́wọ́ fún un. Ìwé ńlá kan lókè òkun gbà á. Ó tẹ̀ ẹ́ síta fún Àkàngbé kó rí i: Láyíwọlá, À. wà lókè, èkejì láàárín àwọn mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Àkàngbé kà á, kò sì ya ìwé yìí.

Ohun tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kéré. Àwọn oníwèé náà ní kí wọ́n fi ìyẹ̀fun díẹ̀ tó ṣẹ́ kù ránṣẹ́, káwọn tún un yẹ̀ wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Àkàngbé gbé ìgò kan sọ̀kalẹ̀, ó ṣí i, ó gbé imú sún mọ́ ọn. Ó sín. Ó tún sín. Nígbà tó sín lẹ́ẹ̀kẹta, ó rọra dé ìgò náà, ó sì dúró gbári.

Ọmọ ẹ̀rọ ata ni. Kò sí irú èèrí ata tí kò lè fi imú mọ̀, rodo ni èyí, rodo gbígbẹ.

Ó da ìyẹ̀fun náà sórí ìwé funfun, ó mú òòfà láti inú dúrọ́ọ̀, ó gbé e kọjá lókè rẹ̀. Nǹkan dúdú tín-tìn-tín fò dìde, wọ́n lẹ̀ mọ́ òòfà bí irùngbọ̀n. Ó mú ọ̀kan nínú mẹ́fà tó fọwọ́ ara rẹ̀ lọ̀, ó ṣe é bẹ́ẹ̀, nǹkan kan kò dìde. Ó wá lọ wo èsì. Mẹ́fà yẹn nìkan ni kóróòmù inú wọn kéré. Dókítà ti rí i, ó ti kọ ọ́ sínú pépà pé àfàìmọ̀ kí ìpele ibi tí wọ́n ti bù wọ́n má yàtọ̀.

Ó pe Mujeebah. Ó bi í pé níbo ló ti lọ àwọn òkúta wọ̀nyẹn.

Mujeebah ní, “Pápá Àjàó ni, sà. Ọ̀dọ̀ Àlàájì Tìrìmísíyù, àwọn tó ra ẹ̀rọ lọ́wọ́ ìyá yín. Mo dárúkọ yín, wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kí n tò.”

“Ta ló ní kó o gbé òkúta lọ sídìí ẹ̀rọ ata?”

“Ẹ̀yin ni, sà. Ẹ ní á ti lọ̀ ọ́ tán kẹ́ ẹ tó mu ẹ̀kọ tán. Òótọ́ ni, kò pẹ́ rárá.” Ó wo ojú Àkàngbé, ó yára fi kún un pé, “Mo fọ ẹ̀rọ náà kí n tó lò ó o, sà. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Mo sì bọ́ òrùka mi.”

Àkàngbé jókòó. Ó fẹ́ jágbe mọ́ ọn, ṣùgbọ́n èwo ni yóò sọ? Ẹyin lohùn, bó bá bọ́ kì í ṣe é kó. Ẹnu tó fi ráhùn yẹn, òun náà ló fi yin ọmọ ọlọ́mọ. Ó ní kó máa lọ, kò sì ní kó ṣe nǹkan kan, torí ẹ̀rù ń bà á pé á ṣe é.

Ó ṣì ń retí pé ó lè jẹ́ pé òun ṣìṣe. Ní Sátidé, ó ṣa òkúta akọ tó funfun nigín-nigín sínú ọ̀rá, òkúta tí kò ní irin kankan nínú, ó sì gbé e lọ sọ́dọ̀ Tìrìmísíyù. Funfun ló wọ ẹnu ẹ̀rọ, eléérú ló bá ìsàlẹ̀ jáde. Tìrìmísíyù kò tiẹ̀ bèèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi òkúta lílọ̀ ṣe. Ẹ̀rọ rẹ̀ ló fi ń yangàn.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ rí eyín ẹ̀rọ yìí? Ó pẹ́ tí mo ti pààrọ̀ tìyá yín. Àwọn tó ń yọ́ irin ló dà á fún mi, bọ́ḿpà ọkọ̀ àtijọ́ ni wọ́n fi ṣe é, àwọn tó máa ń dán yẹn. Kò lè dípẹtà láyé.”

Kóróòmù ni kì í jẹ́ kó dípẹtà. Òkè tó sọnù, tí wọ́n dìde pàtẹ́wọ́ fún ní Ìbàdàn, bọ́ḿpà ọkọ̀ ni. Àkàngbé dúpẹ́, ó gba òkúta lílọ̀ rẹ̀, ó sì fẹsẹ̀ rìn títí dé ilé láìkí ẹnikẹ́ni lọ́nà.

Gbogbo ọjọ́ Àìkú ló fi ń bínú. Ó bínú sí Mujeebah, ó bínú sí àwọn tó yí fọ́ọ̀mù padà, ó bínú sí iná tí kò sí, ó bínú sí imú ara rẹ̀. Ká ní kò sín ni, ta ni ì bá mọ̀? Ìyẹ̀fun tí wọ́n ní kó fi ránṣẹ́ ńkọ́, ṣebí ó lè fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ wọn á tún ka kóróòmù kan náà, orúkọ rẹ̀ á sì jáde. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló fi retí rẹ̀. Bó bá sọ òótọ́, pépà á wó, orúkọ á bá a lọ, òun ló sì fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù pé ojú òun ni wọ́n ṣe lọ̀ ọ́. Bó bá dákẹ́, ohun àkọ́kọ́ tí orúkọ rẹ̀ máa wà lórí rẹ̀ láyé á jẹ́ irọ́. Ó ń ṣe é bí ẹni tí wọ́n gbé oúnjẹ fún níkẹyìn, tó wá rí irun nínú rẹ̀.

Ní Ọjọ́ Ajé, ó gbé ìgò, òòfà àti ìyẹ̀fun òkúta akọ lọ sí ọ́fíìsì Dókítà, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́, títí kan ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ.

Dókítà Motọ́lání fúnra rẹ̀ gbé òòfà kọjá lórí ìyẹ̀fun náà. Ó wá ní, “Ẹ̀rọ ata.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù.”

“Mo fọwọ́ sí i. Ẹ̀bi mi ni.”

Ó dìde, ó lọ sídìí fèrèsé, ó padà wá jókòó. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. “Ta ló tún mọ̀?”

“Àwa méjì yìí àti Mujeebah náà ni.”

“Tá a bá yọ mẹ́fà yẹn kúrò ńkọ́? Mo kàn ń bèèrè ni. Ó ṣeé ṣe kí òkè yẹn wà lóòótọ́.”

Àkàngbé mọ̀ pé Dókítà kì í ṣe èèyàn burúkú, àárẹ̀ ló mú un. Ohun kan náà lòun náà fi gbogbo ọjọ́ Àìkú rò. Ó ní, “Dókítà, tẹ́ ẹ bá máa jẹ́ kó jáde, orúkọ mi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yọ. Ó wù mí kí orúkọ mi wà níbẹ̀ o, ẹ̀yin náà mọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe orí èyí.”

Lọ́jọ́ kejì, Dókítà kọ̀wé sí òkè òkun pé òun gba pépà òun padà, ó sì kọ̀wé sí àwọn ará Ìbàdàn pé òun ṣìṣe. Odidi oṣù kan ló fi jẹ́ pé ẹ káàárọ̀ nìkan ló ń bá Àkàngbé sọ, Ẹ̀gbọ́n kò sí ní ìparí rẹ̀.

Iná kò tíì dé. Àkàngbé gbé odó kékeré tí wọ́n fi òkúta líle ṣe jáde látinú kọ́bọ́ọ̀dù, pẹ̀lú ọmọ odó rẹ̀ tí kò ju àtàǹpàkò lọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ lọ òkúta mẹ́rìndínlógójì náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Oṣù márùn-ún ló gbà. Èjìká rẹ̀ dá iṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mujeebah jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà náà, torí Àkàngbé ṣèèṣì sọ pé kò gbọdọ̀ kúrò lójú òun mọ́, ó sì ń tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà ṣáláńgá.

Nígbà tí èsì tuntun dé, gbogbo òkúta náà ti jọ mẹ́fà àkọ́kọ́. Àpáta lásán. Dókítà kọ pépà tó kúrú, ìwé kékeré kan nílẹ̀ yìí ló tẹ̀ ẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì pàtẹ́wọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló mú un wá sí lẹ́ẹ̀bù. Ó gbé e sórí tábìlì, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó,” ó sì tètè jáde.

Àkàngbé gbé e lọ fún ìyá rẹ̀ ní Pápá Àjàó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Màmá ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ojú rẹ̀ ti di bàìbàì, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ṣì pé.

Ó ní, “Ka ibi tí orúkọ ẹ wà fún mi.”

Ó kà á.

“Kí ni wọ́n ní o ṣe?”

Ìlà kan wà ní ìparí pépà tí wọ́n fi ń sọ ohun tí olúkúlùkù ṣe. Àkàngbé kò tíì dé ibẹ̀. Ó wá a kàn, ó sì túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún un bó ṣe wà: Motọ́lání ló ronú iṣẹ́ náà, tó sì kọ ọ́. Mujeebah ló bu àwọn òkúta. Láyíwọlá ló lọ̀ wọ́n.

Màmá rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Alọta.”

Àkàngbé kò bá a jà.

“Òkúta náà wá ńkọ́? Níbo ni wọ́n ní ó ti wá?”

“Apá òkè ni, Màmá. Ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́hùn-ún. Odò ló gbé e wá.”

“Ọdún mélòó lẹ fi wá ìyẹn?”

“Ó ń lọ sí ọdún mẹ́ta.”

“Ọdún mẹ́ta.” Màmá mi orí. “Ta ni kò ti apá òkè wá nínú àwa tó wà níbí? Ò bá kàn bi mí.”

Àkàngbé la ẹnu láti ṣàlàyé kóróòmù fún un. Màmá ti ń nawọ́ sí ẹ̀yìnkùlé.

Màmá ní, “Mo ti fọ ata sílẹ̀ nínú abọ́. Wọ́n ti mú iná lọ, ẹ̀rọ Tìrìmísíyù sì ti kó irin jù fún mi, ọbẹ̀ rẹ̀ máa ń dúdú. Ọlọ wà lẹ́yìnkùlé. Bá mi lọ̀ ọ́.”

Ó rọra dìde, ó ń kùn, ó ká apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè. Ó bọ́ òrùka rẹ̀, ó fi sí orí pépà náà kí afẹ́fẹ́ má bàa gbé e, ó sì lọ kúnlẹ̀ sídìí ọlọ.